Ọmọ mi ò gbọ́ Faransé, ilé ìwé Abidjan sì ti fẹ́ wọlé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mẹ́ta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ti wà ní Abidjan ní Côte d'Ivoire, páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní Adjamé. Èmi àti àwọn ọmọ wà ní Èjìgbò lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Oṣù Keje yìí ló ránṣẹ́ pé ká máa bọ̀, pé òun ti rí ilé oníyàrá méjì. A wọkọ̀ ní Èjìgbò, bodè mẹ́rin la là kọjá. Lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀, Ghana nìkan làwọn ọmọ ti gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ. Gbogbo ibi tó kù, ńṣe ni wọ́n ń wo ẹnu èèyàn bí ẹni ń wo sinimá tí kò ní ohùn.

Àgbà wọn jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Primary 5, ipò kejì tàbí ìkẹta ló máa ń gbà. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba. Faransé ńkọ́? "Bonjour", ó parí.

Mo mú wọn lọ sílé ìwé kan ládùúgbò wa. Ọ̀gá ilé ìwé ò tilẹ̀ ṣí ìwé èsì ìdánwò tí mo gbé lọ. Ó ní CP2 lòun máa fi àgbà sí, ìyẹn kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ọmọ tó ti ń bá mi ṣírò owó ọjà, àárín àwọn ọmọ ọdún méje! Láti àná ló ti ń sunkún, ó ní kí n dá òun padà sọ́dọ̀ màmá àgbà. Ọkọ mi ní kó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a jọ wà nínú àgbàlá ní ká má sọ Yorùbá nínú ilé mọ́ bí a bá fẹ́ kí wọ́n tètè mọ Faransé. Faransé tí èmi fúnra mi ò gbọ́, ṣé èmi ni màá wá máa fi bá wọn wí?

Kí ni kí n ṣe?

Alátíẹ́kẹ́ Koumassi

Ìyá Mẹ́ta, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àtìpó. Ẹ kọ́kọ́ lọ fomi tútù bọ́jú. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ta àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, ní Koumassi nínú Abidjan níbí, ọmọ mẹ́rin ni mo sì ti mú gba ọ̀nà yìí kọjá.

Àkọ́bí mi dé ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n wọlé títí di ọdún Kérésì, kò la ẹnu ní kíláàsì rárá. Tísà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, ó ní bóyá ọmọ náà kì í gbọ́ràn, kí n gbé e lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá délé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Mo sunkún dé ilé lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di oṣù Kejì, mo ń dín dòdò níwájú ilé, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bú ọmọ aládùúgbò wa lẹ́yìn ògiri, Faransé tó ń já geere, ó bú orí, ó bú imú, ó bú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo yọjú wò. Ọmọ mi ni! Mo fa á létí nítorí èébú, mo sì sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọmọ tó dákẹ́ kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó ń kó o jọ ni. Ẹ má ṣe máa pè é síwájú àlejò pé "sọ Faransé ká gbọ́". Èyí tó tẹ̀lé e ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ọmọ náà sì ń sá fún àlejò títí dòní.

Ẹ máa rán an níṣẹ́. Burẹ́dì láàárọ̀, ata, ọṣẹ, kó máa dá lọ, kó máa dá ná an. Kí ẹ sì wá ọmọ aládùúgbò kan tó lẹ́nu bí ayékòótọ́, kí ẹ máa fún un lóúnjẹ. Èmi fi àtíẹ́kẹ́ àti ẹja díndín ra tísà fún ọmọ mi, owó tí mo ná ò tó ti lẹ́sìnnì rárá.

Àgbà Àdúgbò

Ìyàwó wa, gbọ́ tèmi. Jẹ́ kó lọ CP2. Kí ló wà nínú ọjọ́ orí? Ọdún méjì ni mo dá ọmọbìnrin mi padà nígbà tá a dé Bouaké, òun ló ń ṣe ipò kìíní nígbà tó yá. Ẹni tó bá máa fò á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè ilé náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ jàre. Yorùbá kì í sá lọ, wọ́n á bá a nílé nígbàkúùgbà.

Ọmọ Ògìyán 99

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mo fẹ́ takò yín, ẹ má bínú sí mi. Ọdún méjì lẹ dá ọmọ tiyín padà, mẹ́rin lẹ sì ń sọ pé kí ti ìyá yìí padà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Tèmi yí padà sẹ́yìn ni. Abobo ni wọ́n bí mi sí, nínú Abidjan. Nígbà tí ogun lẹ́yìn ìbò dé ní 2011, bàbá mi kó wa wọkọ̀ padà sí Èjìgbò. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo ti wà ní CM2, ìyẹn kíláàsì kẹfà tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oṣù díẹ̀ ló kù kí n ṣe CEPE, ìdánwò àṣejáde rẹ̀. Mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ pé "come", n ò mọ̀ bóyá kí n dìde tàbí kí n jókòó. Wọ́n fi mí sí Primary 2. Àga ibẹ̀ ò gba orúnkún mi, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń jókòó sí. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pè mí ní "Músíò", ìyẹn "monsieur" àwọn Faransé. Tísà a bi mí ní ìbéèrè ìṣirò, màá mọ ìdáhùn, màá sọ ọ́ ní Faransé, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á ní mo sọ "vernacular", kí n sanwó ìtanràn. Ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rò ó pé n ò ní lọ mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sí ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń kó èrò lọ Abidjan, kí n ṣáà lè gbọ́ Faransé sétí.

Ní ibùdókọ̀ yẹn ni mo ti pàdé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tóun náà gbé Treichville ní Abidjan rí. Èjìgbò kún fún irú wọn, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó gbọ́ Faransé níbẹ̀. Òun ló bá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n fún mi ní ìdánwò ìṣirò láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nọ́ńbà lásán. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé mi lọ Primary 4.

Mà, ẹ má gbà CP2 fún ọmọ yẹn. Ìtìjú yẹn ò tètè tán lára.

Àgbà Àdúgbò

Mo gbọ́. Mẹ́rin pọ̀ lóòótọ́, mo yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ti èdè ilé ni mo ṣì dúró lé.

Tísà Pọ́bẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nàgó ni mí, ní Pobè ní ilẹ̀ Benin, CM1 ni mo ń kọ́. Ọdọọdún làwọn ọmọ láti ìhà Nàìjíríà máa ń dé kíláàsì mi, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ, tí wọn ò gbọ́ Faransé kankan. Ìlànà Benin àti ti Côte d'Ivoire yàtọ̀ díẹ̀ (tiwa ní kíláàsì CI kó tó kan CP), ṣùgbọ́n ìṣòro ọmọ kan náà ni.

Ìyá Mẹ́ta, lórí kíláàsì, ẹ má béèrè CM2. Mo mọ̀ pé òun ló bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n òpin CM2 ni CEPE wà, oṣù mẹ́wàá ò ní tó fún un láti múra sílẹ̀. Ẹ béèrè CE2, kíláàsì kẹrin. Tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ní ọdún mẹ́ta gbáko kó tó kan ìdánwò, àárín òun àtàwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ò sì ní jìn púpọ̀. Tí ọ̀gá ilé ìwé bá ṣe àgídí, ẹ ṣe bí Ọmọ Ògìyán ṣe sọ: kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà.

Ní kíláàsì wa níhìn-ín, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní síléètì kékeré àti ṣọ́ọ̀kì. Tísà á ka ìṣirò, á gbá tábìlì, gbogbo wọn á kọ ìdáhùn, á tún gbá tábìlì, gbogbo wọn á gbé síléètì sókè lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ lọmọ tí kò gbọ́ èdè ti máa ń kọ́kọ́ gba iyì. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ nọ́ńbà ní Faransé kí ilé ìwé tó wọlé, kò ju ìyẹn lọ, á lè gbé síléètì tirẹ̀ sókè lọ́jọ́ kìíní.

Orúkọ nọ́ńbà yẹn gan-an, Yorùbá lẹ máa fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ké pé kí ló dé tí 80 fi ń jẹ́ quatre-vingts, "ogún mẹ́rin". Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ọgọ́rin, kí ni bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Ọmọ wa ti ní in nínú ẹ̀jẹ̀. Àádọ́rin tiwa jẹ́ ọgọ́rin tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Tiwọn, soixante-dix, jẹ́ ọgọ́ta tí a fi ẹ̀wá kún. Àádọ́rùn-ún tiwa, a yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́rùn-ún; tiwọn, wọ́n fi ẹ̀wá lé ogún mẹ́rin. Àwa ń yọ, àwọn ń fi kún. Mo kọ èyí sójú pátákó fún ọmọ kan lọ́dún tó kọjá, ó ní "àṣé wọ́n jí i lọ́wọ́ wa ni". N ò ní kó má rò bẹ́ẹ̀.

Ti kíkà náà rèé. Ọmọ tó bá ti mọ lẹ́tà Yorùbá ti mọ ìdajì. "é" tiwọn ni "e" tiwa, "è" tiwọn ni "ẹ" tiwa. "eau" tí wọ́n kọ gùn tó bẹ́ẹ̀, "o" lásán ni. Ohùn tó ń gba imú jáde, tó máa ń da ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láàmú, "bon", òun ni "bọn" inú ìbọn. "Pain", tó jẹ́ burẹ́dì, "ẹn" tó wà nínú "ìyẹn" ló wà ní ìparí rẹ̀. (Kó ṣáà má pe "p" yẹn bí "p" inú "pápá" o, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni kó lò.) Ibi tó ti máa le ni "u" inú "tu", "v", "z", àti ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Àwa ní "ó", ó kan ọkùnrin, ó kan obìnrin, ó kan ewúrẹ́. Wọ́n máa sọ fún un pé tábìlì jẹ́ obìnrin. Kó má wádìí ìdí rẹ̀, kó ṣáà máa há ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ "le" tàbí "la" rẹ̀ bí ẹni há orúkọ pọ̀ mọ́ oríkì.

Ìṣirò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ohun tó ń kọ ní 2.5 ní Nàìjíríà, 2,5 ni wọ́n ń kọ níbí. Tí wọ́n bá ń pín, apá ọ̀tún ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín sí. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa lè gba òdo nítorí èyí nìkan. Ẹ fi hàn án kó tó wọlé.

Ní ti èdè ilé, Àgbà Àdúgbò, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Modákẹ́kẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá lóye ní èdè kan, kò ní tún un lóye, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Ìyá tó ń fi Faransé wẹ́wẹ̀wẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ń fún un ní ọgbọ́n wẹ́wẹ̀wẹ́. Ẹ máa bi í ní Yorùbá pé kí ni wọ́n kọ́ lónìí, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Tí kò bá lè ṣàlàyé, kò yé e nìyẹn, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà.

Ìkìlọ̀ kan péré kù. Tó bá fi máa di ọdún kejì, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń sọ Faransé bí ọmọ onílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Jim Cummins, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Canada, ló fi hàn pé èdè eré àti ti ìta gbangba máa ń dé láàárín bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n èdè inú ìwé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, lè gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ ní àkókò yẹn, pé "o gbọ́ Faransé, o kàn ya ọ̀lẹ ni". Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Alátíẹ́kẹ́ Koumassi

Ẹ seun, Tísà. Ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn, mo ti dán an wò fún ọmọ tó ń bá mi ta ọjà. Ó ṣiṣẹ́!

Kí n fi kan kún un: Faransé ìta Abidjan kì í ṣe ti ilé ìwé. Nouchi ni, èdè àdàlù táwọn ọ̀dọ́ ń sọ níta. Ọmọ mi kọ "go" sínú ìwé fún ọmọbìnrin, tísà fi yíǹkì pupa yí i ká bí ẹni rí ejò.

Ìyá Mẹ́ta

Olúwa á bù kún yín. Mo ka ti Tísà fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká béèrè CE2. Ìbéèrè kan kù: ọ̀gá ilé ìwé ní òun fẹ́ "extrait". Ìwé ìbí àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ti Nàìjíríà ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣé ó tó?

Bàbá Páálí

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ páálí kan èmi. Extrait de naissance ni ìwé ìbí. Ẹ má jẹ́ kó sọnù, nítorí láìsí i, ìforúkọsílẹ̀ fún CEPE àti wíwọ 6ème, kíláàsì kìíní nílé ẹ̀kọ́ girama, máa di wàhálà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n mọ̀wé, tí wọn ò níwèé.

Tiyín rọrùn. Rí i pé ti National Population Commission ni, kì í ṣe ti ọsibítù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ atúmọ̀ èdè tí ilé ẹjọ́ mọ̀ kó sọ ọ́ di Faransé, kó lu òǹtẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn náà, kí wọ́n má baà sọ pé kò yé wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà púpọ̀, ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Fún àwọn mìíràn tó ń kà á: ọmọ tí ẹ bá bí síbí, oṣù mẹ́ta lẹ ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ lẹ máa gbà, ìwé tí wọ́n ń pè ní jugement supplétif. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dé CM2 kí ẹ tó máa sáré.

Tí ọ̀gá ilé ìwé bá sì ní òun ò gba ọmọ ọ̀hún rárá, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán an létí pé òfin 2015 ti ní kí gbogbo ọmọ láti ọdún mẹ́fà dé mẹ́rìndínlógún wà nílé ìwé. Pẹ̀lú ẹ̀rín o. Àlejò kì í fi òfin lu onílé lójú.

Ìyá Ìbejì Treichville

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni ọ̀rọ̀ ògbufọ̀. Láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ máa gbọ́ ọ jù yín lọ, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ sí gbogbo ibi kí wọ́n bá yín túmọ̀. Ọjà, ó dáa. Ọsibítù, kò dáa tó. Ìpàdé òbí nílé ìwé, ẹ má dán an wò!

Ìdí rèé. Tísà ọmọ mi sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń na ìka, ó ń mi orí. Mo ní kí ló wí? Taiwo yìí ní, "Ó ní mò ń gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tísà, mo fún un ní ọsàn tí mo gbé dání, mo ń rẹ́rìn-ín lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọkọ mi pàdé tísà yẹn lójú ọ̀nà, tó gbọ́ pé àwọn ìbejì ti fọ́ gíláàsì fèrèsé, pé tísà ò tiẹ̀ mọ ohun tí òun máa rò nípa ìyá tó fún òun ní ọsàn lé e lórí.

Ẹ wá àgbàlagbà kan lọ. Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ bá wọn kọ́ ọ. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ ní kó kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin yín tó ń sunkún pé wọ́n sọ òun di ọmọ kékeré, tó bá di tísà ìyá rẹ̀ lálẹ́, ẹ ó rí i bí ọrùn rẹ̀ á ṣe nà.

Bàbá Hamburg

Mi ò sí ní Abidjan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín sí ara mi. Nígbà tá a dé Jámánì, ọmọ mi gbé ìwé èsì wálé, 1 ní ìṣirò, 2 ní eré ìdárayá, 5 ní èdè Jámánì. Mo bínú lórí 1, mo sì ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un nítorí 5. Ọmọ náà gba bàtà, kò sọ nǹkan kan. Nílẹ̀ yìí, 1 ló dáa jù, 6 ló burú jù! Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní máàkì kí ẹ tó nà án tàbí kí ẹ tó kẹ́ ẹ.

Tísà Pọ́bẹ̀

Bàbá Hamburg, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó rán mi létí àpèkọ, tí a ń pè ní dictée. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ máàkì, nítorí náà òdo ni àlejò máa ń gbà fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Mẹ́ta, ẹ má wo òdo yẹn. Iye àṣìṣe ni kí ẹ máa kà. Tó bá jẹ́ ogójì lónìí, tó di ọgbọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òdo ṣì ni nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ ti rìn.

Ìyá Mẹ́ta (oṣù Kejìlá)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ ibi tó já sí.

Ìyá kan láti Ọ̀yọ́ tó ń rán aṣọ ládùúgbò wa ló bá mi lọ. Ọ̀gá ilé ìwé kọ́kọ́ takú, ó ní òun ti sọ tòun. Ìyá yìí ní kó ṣáà fún ọmọ ní síléètì. Ó kọ ìṣirò mẹ́wàá, ọmọ gba mẹ́jọ. Méjì tí kò gbà, ìpín ni, ó kọ nọ́ńbà sí apá òsì, ẹ̀bi mi ni nítorí mo gbàgbé láti fi hàn án. Ọkùnrin náà wo síléètì títí, ó ní òun á gbà á sí CE2, ṣùgbọ́n tó bá di ọdún Kérésì tí kò bá lè bá wọn rìn, òun á dá a padà sí CE1. Èkejì wọ CP2, àbíkẹ́yìn ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ti àbíkẹ́yìn ò tilẹ̀ ní ìtàn. Láàárín oṣù méjì ló ti ń fi Faransé bá ìyá onílé jà.

Àgbà ló ṣì wà lọ́kàn mi. Wọn ò dá a padà, mo dúpẹ́. Nínú ìṣirò, 9 nínú 10. Nínú dictée, òdo, òdo, òdo. A ń ka àṣìṣe bí Tísà ṣe wí: ó bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógójì, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ mọ́kàndínlógún. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹyọ kan ló ní, ọmọ Dioula kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á máa di irun ọmọláńgidi, n ò mọ èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Lálẹ́ ó ń kọ́ mi. Ó le ju tísà kí tísà lọ, tí mo bá sọ "le table" á ní kí n tún un wí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló bi mí pé kí ni "Anango", pé ohun tí wọ́n ń pe òun nìyẹn, ṣé èébú ni. Mo ní orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbí ni. Ó ní ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é dà bí èébú. N ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ọmọ Ògìyán 99

Mà, ẹ sọ fún un pé wọ́n pe èmi ní Músíò ní Èjìgbò, wọ́n pe èmi náà ní Anango ní Abobo, èmi kan náà. Tó bá ti dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan ní Faransé tó já geere, ó máa dín kù. Kó lọ bá ọmọ Alátíẹ́kẹ́, ó mọ èébú.

Alátíẹ́kẹ́ Koumassi

Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ o! Ó ti di ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Mẹ́ta, ìwé CM1 àbíkẹ́yìn mi wà nílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, ìwé kíkà àti ti ìṣirò. Ẹ̀yìn ọ̀kan ti ya, ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ pé. Ẹ má rà á lọ́jà. Ẹ rán ọmọbìnrin yín wá lọ́jọ́ Sátidé, kó dá wá, kó béèrè ọ̀nà fúnra rẹ̀.